Orí Kẹrin: Bí A Ṣe Ń Júwe Ọ̀nà fún Líǹkì láti Ibi Tí Fáìlì Wà

Ọ̀dọ́bìnrin kan tí mo kọ́ ní iṣẹ́ ìkànnì ní Ìbàdàn ṣe ìkànnì fún ìyá rẹ̀ tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ṣe é. Lórí láàpútọ́pù rẹ̀, gbogbo àwòrán ló ń hàn, gbogbo líǹkì ló ń ṣí. Ó dà á sórí fúláàṣì, ó gbé e lọ sílé kí ìyá rẹ̀ lè wò ó lórí kọ̀ǹpútà àbúrò rẹ̀. Ojú-ìwé àkọ́kọ́ ṣí, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí aṣọ wà, àpótí kékeré òfìfo ni wọ́n rí. Ìyá ní, "Aṣọ mi dà?" Ọmọ náà sunkún sí mi létí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní kó fi kóòdù rẹ̀ ránṣẹ́, n kò sì tíì ka ìlà mẹ́wàá tí mo fi rí ohun tó fà á:

<img src="file:///C:/Users/Admin/Desktop/adire/aworan/ibadandun.jpg">

Àdírẹ́sì inú láàpútọ́pù tirẹ̀ nìyẹn. Àwòrán náà wà lórí fúláàṣì, ó wà nítòsí ojú-ìwé gan-an, ṣùgbọ́n kóòdù ní kí bùráúsà lọ wá a lórí Desktop ẹnìkan tó ń jẹ́ Admin. Bùráúsà lọ síbi tí wọ́n rán an, kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ó padà lọ́wọ́ òfo. Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Mo ti rí i nínú iṣẹ́ àwọn tó ti ń gbowó ìkànnì fún ọdún pípẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ya odidi orí kan sọ́tọ̀ fún un, tí n kò sì ní sáré kọjá lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àlejò àti ọ̀rọ̀ ọmọ inú ilé

Bí àlejò bá ń pè yín láti Èkó pé òun ń bọ̀, ìlú lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í júwe fún un: Ìbàdàn, Mọ́kọ́lá, òpópónà báyìí, ilé báyìí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ inú ilé bá béèrè ibi tí ọṣẹ wà, ẹ ó ní, "Ó wà ní yàrá tó tẹ̀ lé tìrẹ." Ẹ kò ní dárúkọ Ìbàdàn fún un. Ibi tó dúró sí ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá rò ó pé gbogbo ìdílé kó lọ sí Òṣogbo, tí wọ́n sì to yàrá bí wọ́n ṣe tò ó tẹ́lẹ̀. Júwejúwe ti àlejò ti bàjẹ́. Ti ọmọ inú ilé kò yẹ̀.

Líǹkì náà pín sọ́nà méjì báyìí. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti https, tó dárúkọ ìkànnì kó tó dárúkọ fáìlì, ni àdírẹ́sì kíkún. Èkejì ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní relative path. Nínú ìwé yìí, ọ̀nà láti-ibí ni mo ń pè é, nítorí ohun tó jẹ́ nìyẹn: ibi tí fáìlì tó ń sọ̀rọ̀ wà ni a ti ń ka ìṣísẹ̀. Ìkànnì máa ń ṣí kiri ju bí a ti rò lọ. A ó ṣe é lórí láàpútọ́pù, a ó gbé e sórí sáfà, oníbàárà yóò yí orúkọ ìkànnì rẹ̀ padà, ilé-iṣẹ́ sáfà yóò fowó kún owó wọn, a ó kó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, líǹkì tí a kọ bí ọ̀rọ̀ ọmọ inú ilé kò ní já.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí òfin rẹ̀ ti wà. Tim Berners-Lee, ẹni tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí CERN nítòsí Geneva, gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ ní 1989, nígbà tó sì di 1991 àwọn ará ìta ti ń lò ó. Ní oṣù Òkúdù 1995, Roy Fielding to bí bùráúsà yóò ṣe máa túmọ̀ ọ̀nà láti-ibí sínú ìwé kan tó ń jẹ́ RFC 1808. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2005, òun, Berners-Lee àti Larry Masinter tún un ṣe nínú RFC 3986. Ìṣirò inú ìwé yẹn ni Chrome, Firefox, Safari àti Opera ń ṣe lórí àwọn líǹkì tí a fẹ́ kọ yìí, nítorí náà ohun tí ẹ bá kọ́ níbí kò ní yí padà bí ẹ bá ti orí fóònù bọ́ sórí kọ̀ǹpútà.

Agboolé tí a ó fi kọ́ṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí a lo ìkànnì aládìrẹ yẹn. Bí a ṣe tún fódà rẹ̀ tò nìyí:

adire/
    index.html
    nipa-wa.html
    aso/
        index.html
        eleko/
            ibadandun.html
            olokun.html
        oniko/
            osubamba.html
    aworan/
        ibadandun.jpg
        isale.png
    ewa/
        ewa.css

Ẹ wo adire bí agboolé. Fódà kọ̀ọ̀kan jẹ́ yàrá, fódà inú fódà jẹ́ yàrá tí a gba inú yàrá mìíràn wọ̀, fáìlì sì ni ẹrù inú rẹ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ wà ní yàrá tirẹ̀, àdìrẹ oníko wà ní tirẹ̀, àwòrán gbogbo wọn wà ní yàrá kan ṣoṣo. Mo bẹ̀ yín, ẹ ya àwòrán yìí sórí ìwé kí ẹ tó kọ ìlà kóòdù kan. Ẹni tí kò bá yà á, àfòyemọ̀ ni yóò fi máa kọ líǹkì, líǹkì kò sì gba àfòyemọ̀.

Bí ohun tí a ń wá bá wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú wa, orúkọ rẹ̀ nìkan ti tó. Láti ibadandun.html sí olokun.html:

<a href="olokun.html">Àdìrẹ Olókun</a>

Bí ó bá wà nínú yàrá tó wà nínú tiwa, a ó dárúkọ yàrá náà, a ó fi síláàṣì sí i, a ó wá dárúkọ fáìlì. Láti ojú-ìwé àkọ́kọ́, index.html tó wà lójúde agboolé:

<a href="aso/eleko/ibadandun.html">Àdìrẹ Ìbàdàndùn</a>

Ìjáde ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Dọ́ọ̀tì méjì pẹ̀lú síláàṣì, ../, ni ẹnu ọ̀nà yàrá. Bí ẹ bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti jáde kúrò nínú yàrá tí fáìlì yín wà, ẹ ti bọ́ sí èyí tó yí i ká. Bí ẹ bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ti jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ibadandun.html wà nínú eleko, eleko wà nínú aso. Kó lè dé ọ̀dọ̀ osubamba, yóò jáde nínú eleko, yóò bá ara rẹ̀ ní aso, yóò wọ oniko:

<a href="../oniko/osubamba.html">Oṣù bàmbà</a>

Kó tó lè rí àwòrán ara rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò jáde, nítorí aworan kò sí nínú aso, ojúde ló wà:

<img src="../../aworan/ibadandun.jpg" alt="Àdìrẹ ẹlẹ́kọ Ìbàdàndùn">

Àwọn kan máa ń béèrè lọ́wọ́ mi nípa dọ́ọ̀tì kan ṣoṣo pẹ̀lú síláàṣì, ./, tí wọ́n ń rí nínú kóòdù ẹlòmíràn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "yàrá yìí gan-an". Nínú líǹkì lásán, bí ẹ kọ ọ́, bí ẹ kò kọ ọ́, ibì kan náà lẹ ó dé.

Ìṣirò tí bùráúsà ń ṣe

Ohun tí mò ń sọ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju ohun gbogbo yòókù nínú orí yìí lọ. Bùráúsà kì í wo fódà yín. Kò mọ̀ bóyá aso wà tàbí kò sí. Àdírẹ́sì ojú-ìwé tó ṣí sílẹ̀ nìkan ló ní lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ lásán ni àdírẹ́sì náà sì jẹ́ lójú rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gé ọ̀rọ̀, ó ń lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀.

Ká sọ pé orúkọ ìkànnì wa ni example.com, orúkọ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lágbàáyé fún àpẹẹrẹ. Ẹnìkan ṣí ojú-ìwé yìí:

https://example.com/aso/eleko/ibadandun.html

Bùráúsà bá ../../aworan/ibadandun.jpg pàdé nínú rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ gé gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn síláàṣì tó gbẹ̀yìn nínú àdírẹ́sì ojú-ìwé dànù, yóò ku https://example.com/aso/eleko/. Yóò lẹ ohun tí ẹ kọ mọ́ ọn nídìí:

https://example.com/aso/eleko/../../aworan/ibadandun.jpg

Lẹ́yìn náà ni dọ́ọ̀tì méjì kọ̀ọ̀kan yóò jẹ fódà tó wà níwájú rẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ eleko, ìkejì jẹ aso. Ohun tó kù ni https://example.com/aworan/ibadandun.jpg, èyí ni yóò sì lọ béèrè lọ́wọ́ sáfà. Bí líǹkì kan bá já mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ mú bírò, kí ẹ ṣe ìṣirò yìí fúnra yín. N kò tíì rí líǹkì tí kò tú àṣírí ara rẹ̀ lẹ́yìn gígé àti lílẹ̀ yìí.

Ìdẹkùn méjì fara pamọ́ sínú ìṣirò náà. Èkíní: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí dọ́ọ̀tì méjì bá pọ̀ jù, tí ẹ kọ ../../../aworan dípò ẹ̀ẹ̀mejì? Kò sí fódà tó kù láti jẹ. Bùráúsà yóò dúró lójúde ìkànnì, yóò sì rí àwòrán náà bí ẹni pé ẹ kò ṣe àṣìṣe kankan. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn, nítorí àṣìṣe náà yóò sùn. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìkànnì náà sínú fódà kan lórí sáfà, bíi example.com/oja/adire/, dọ́ọ̀tì kẹta yóò rí nǹkan jẹ, gbogbo àwòrán yóò sì pòórá lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà ẹ má ṣe fi dọ́ọ̀tì kún dọ́ọ̀tì títí tí yóò fi ṣiṣẹ́. Ẹ ka iye yàrá.

Èkejì ni síláàṣì ìparí. Ẹ ṣàkíyèsí pé example.com/aso/ àti example.com/aso kò jọra lójú ìṣirò yìí. Ti àkọ́kọ́, a gé e lẹ́yìn aso/, a ṣì wà nínú yàrá aso. Ti ìkejì, "aso" fúnra rẹ̀ ló wà lẹ́yìn síláàṣì tó gbẹ̀yìn, bùráúsà sì gé e dànù bí ẹni gé orúkọ fáìlì, a wá bá ara wa lójúde. Líǹkì eleko/ibadandun.html tó wà nínú aso/index.html yóò ṣiṣẹ́ fún ẹni tó wọlé pẹ̀lú síláàṣì, yóò já fún ẹni tó wọlé láìsí i. Ọ̀pọ̀ sáfà máa ń fi síláàṣì náà kún un fúnra wọn bí orúkọ bá jẹ́ ti fódà, àwọn kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń kọ líǹkì sí fódà, ẹ fi síláàṣì parí rẹ̀: <a href="aso/">Gbogbo aṣọ wa</a>.

Líǹkì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú síláàṣì

Ẹ ó rí irú èyí: <img src="/aworan/ibadandun.jpg">. Síláàṣì tó ṣáájú túmọ̀ sí pé, "Má wo ibi tí mo wà, bọ́ sí ojúde ìkànnì kó o tó bẹ̀rẹ̀." Ó dùn ún lò, torí a lè da àkọlé kan náà sínú ojú-ìwé gbogbo láìka yàrá. Àwọn oníṣẹ́ ńlá ń lò ó lójoojúmọ́, n kò sì dá wọn lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, n kò gbà á nímọ̀ràn. Bí ẹ bá tẹ index.html lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí láti inú kọ̀ǹpútà, láìsí sáfà, ojúde tí síláàṣì yẹn mọ̀ ni ìpìlẹ̀ dísìkì yín, kò sì sí fódà aworan níbẹ̀. Fúláàṣì ìyá aládìrẹ yóò tún ṣófo. Bákan náà ló rí lórí GitHub Pages, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lò nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Ìkànnì iṣẹ́ kan níbẹ̀ máa ń wà nínú fódà tó ń jẹ́ orúkọ iṣẹ́ náà, bíi orukoyin.github.io/adire/, nítorí náà /aworan/ yóò kọjá adire, yóò lọ sí orukoyin.github.io/aworan/, níbi tí ẹ kò kó nǹkan kan sí.

Ẹ ṣọ́ra fún síláàṣì tó fẹ̀yìn tì, \. Windows ń fi í kọ ọ̀nà fáìlì. Ìtàn rẹ̀ ti ọdún 1983 wá, nígbà tí MS-DOS 2.0 bẹ̀rẹ̀ sí í lo fódà, tó sì jẹ́ pé síláàṣì tó kọjú síwájú ti níṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe fún wọn. Nínú líǹkì wẹ́ẹ̀bù, èyí tó kọjú síwájú, /, nìkan ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá ṣe ẹ̀dà ọ̀nà fáìlì láti ojú fèrèsé Windows, ẹ yí gbogbo rẹ̀ padà.

Ta ni ó ń sọ̀rọ̀?

Mo ti sọ pé ibi tí fáìlì tó ń sọ̀rọ̀ wà ni a ti ń ka ìṣísẹ̀. Fáìlì ẹwà, ewa.css, ni ọ̀pọ̀ ti ń gbàgbé èyí. Ká sọ pé a fẹ́ kí isale.png wà lẹ́yìn gbogbo ojú-ìwé. Inú ewa.css ni a kọ ọ́ sí, nítorí náà ewa.css ló ń sọ̀rọ̀. Kò kan ojú-ìwé tó pè é. Ewa.css wà nínú yàrá ewa, yóò jáde lẹ́ẹ̀kan, yóò wọ aworan:

body { background-image: url("../aworan/isale.png"); }

Ìlà kan yìí yóò ṣiṣẹ́ fún index.html lójúde àti fún ibadandun.html nínú yàrá kẹta. JavaScript ò rí bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Bí kóòdù inú fáìlì js bá fi fetch wá fáìlì kan, ojú-ìwé tó ṣí sílẹ̀ ni a ti ń kà, ibi yòówù kí fáìlì js náà wà.

Ohun kan tún wà tó ń jẹ́ base, tí wọ́n ń kọ sí orí ojú-ìwé láti yí ibi ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo líǹkì padà. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fa gbogbo líǹkì lọ, títí kan àwọn tó kàn fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí ìpín kan nínú ojú-ìwé kan náà, bíi href="#owo". Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó mọ ìdí tí wọ́n fi nílò rẹ̀.

Orúkọ fáìlì, pàápàá lọ́wọ́ àwa tí à ń kọ Yorùbá

Lórí Windows, Aworan àti aworan jẹ́ fódà kan náà. Bẹ́ẹ̀ ló rí lórí ọ̀pọ̀ Mac. Lórí Linux, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ sáfà ń lò, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìdí nìyí tí ẹnìkan yóò fi búra pé líǹkì òun ṣiṣẹ́ ní ilé, òótọ́ ló sì ń sọ, tí sáfà yóò sì tún máa fún un ní 404, ìyẹn ni pé òun kò rí fáìlì náà. Fóònù àti kámẹ́rà máa ń sọ àwòrán ní IMG_2041.JPG pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, a ó wá kọ .jpg sínú kóòdù. Lẹ́tà kékeré nìkan ni kí ẹ lò fún gbogbo fáìlì àti fódà, láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ má fi àlàfo sínú orúkọ, nítorí %20 ni yóò dà nínú àdírẹ́sì. Dáàṣì ni kí ẹ fi sí i: nipa-wa.html. Ẹ má fi # tàbí ? sí orúkọ fáìlì rárá. Bùráúsà yóò rò pé orúkọ ti parí níbẹ̀, pé ìpín inú ojú-ìwé tàbí ìbéèrè sí sáfà ló kù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àmì èdè wa. Mo mọ bó ti rí lára ẹni tó fẹ́ràn Yorùbá láti kọ eleko láìsí àmì. Èmi náà gbìyànjú rẹ̀ nígbà kan. Mo sọ fáìlì mi ní ẹlẹ́kọ.html, mo sì fi ọjọ́ méjì wá ìdí tí líǹkì fi já. Ohun tí mo rí ni pé lẹ́tà tí ojú rí gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lè jẹ́ oríṣiríṣi nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ tó ní àmì abẹ́ lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, tí yóò di %E1%BA%B9 nínú àdírẹ́sì. Ó sì lè jẹ́ e lásán tí a lẹ àmì abẹ́ mọ́, tí yóò di e%CC%A3. Ẹ́ tó ní àmì abẹ́ àti àmì òkè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo tó dá dúró fún un, ọ̀nà mẹ́rin ni kíbọọ̀dù lè gbà kọ ọ́. Kíbọọ̀dù fóònù yín lè kọ ọ̀kan, ti láàpútọ́pù lè kọ òmíràn. Ojú ènìyàn kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Sáfà mọ̀ wọ́n yàtọ̀, yóò sì sọ pé òun kò rí fáìlì náà.

Ohun tí mo ń ṣe láti ìgbà náà nìyí, mo sì rọ̀ yín kí ẹ ṣe é: ẹ kọ orúkọ fáìlì láìsí àmì, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn yóò kà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Òǹkàwé kì í ka eleko/ibadandun.html. "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ Ìbàdàndùn" tó wà láàárín <a> àti </a> ló ń kà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bọ̀wọ̀ fún èdè. Ẹ fi lang="yo" sínú <html>, kí ẹ sì fi <meta charset="utf-8"> sí orí ojú-ìwé, kí àmì lè hàn bó ti yẹ. Bí àìsí àmì bá sì mú kí orúkọ méjì di ọ̀kan, bí igbá àti ìgbà, ẹ fi ọ̀rọ̀ kún un: igba-emu.html, igba-oja.html.

Ibi tí àdírẹ́sì kíkún ti yẹ

Líǹkì sí ìkànnì ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ jẹ́ àdírẹ́sì kíkún, kò sí ọ̀nà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni líǹkì inú í-meèlì, nítorí í-meèlì kò sí nínú agboolé yín. Sitemap.xml tí Google ń kà náà ń fẹ́ ẹ ní kíkún. Èyí tó kan àwọn ọlọ́jà jù ni àwòrán tó máa ń hàn nígbà tí ènìyàn bá fi líǹkì ránṣẹ́ lórí WhatsApp tàbí Facebook. Inú og:image ni a ń kọ ọ́ sí, WhatsApp ló sì ń wá a láti òde:

<meta property="og:image" content="https://example.com/aworan/ibadandun.jpg">

Mo ti rí ọlọ́jà tó kọ ../../aworan síbẹ̀, tí ó ń pín líǹkì kiri fún oṣù púpọ̀ láìsí aṣọ kankan tó hàn. Bí orúkọ ìkànnì bá yí padà, àwọn ibi díẹ̀ wọ̀nyí nìkan lẹ ó lọ tún ṣe.

Ọ̀nà láti-ibí náà ní ibi tó kù sí, ó sì yẹ kí n sọ ọ́. Bí gbogbo agboolé bá kó lọ pọ̀, kò sí ewu. Bí ẹ bá gbé fáìlì kan ṣoṣo láti yàrá kan sí òmíràn, gbogbo líǹkì inú rẹ̀ ti yí ìtumọ̀ padà, gbogbo líǹkì tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ náà sì ti já. Berners-Lee kọ àròkọ kan ní 1998 láti bẹ àwọn oníkànnì pé kí wọ́n má máa yí àdírẹ́sì padà. Ẹ to fódà yín dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ má sì tún un tò nítorí pé ó wù yín.

Ìdánwò tí kò náni ní dátà

Ẹ gbé ọwọ́ eku kọ̀ǹpútà sórí líǹkì láìtẹ̀ ẹ́. Nísàlẹ̀ bùráúsà, lápá òsì, àdírẹ́sì tí ìṣirò bí yóò hàn. Bí ẹ bá rí C: níbẹ̀ nínú ìkànnì tó yẹ kó ti wà lórí sáfà, ẹ ti mọ àìsàn rẹ̀. Ẹ tẹ F12, ẹ lọ sí Network, kí ẹ tún ojú-ìwé ṣí. Ohun tí a kò rí yóò hàn pẹ̀lú 404.

Bí ẹ bá ní Python, ẹ wọ inú fódà adire, kí ẹ tẹ èyí:

python3 -m http.server 8000

Ẹ ṣí http://localhost:8000/ nínú bùráúsà. Ẹ tan hotspot fóònù yín, ẹ so láàpútọ́pù mọ́ ọn, kí ẹ fi nọ́ńbà IP láàpútọ́pù náà ṣí ìkànnì lórí fóònù. Kò ní jẹ dátà, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò kúrò láàárín ẹ̀rọ méjèèjì. Àmọ́ ẹ rántí pé localhost náà jẹ́ àdírẹ́sì inú kọ̀ǹpútà yín. Kò gbọdọ̀ wọ inú kóòdù.

Ọ̀dọ́bìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ fi alẹ́ kan tún gbogbo líǹkì rẹ̀ kọ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kan náà, ó ń tọ́ka sí aṣọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó ṣí orí tó kàn, ẹ padà sínú ìkànnì tí ẹ ti ṣe láti orí kejì. Ẹ wá "file:", "C:" àti "localhost" nínú gbogbo fáìlì rẹ̀. Nínú VS Code, Ctrl, Shift àti F ni ẹ ó tẹ̀ pọ̀. Ẹ tún èyí tí ẹ bá rí kọ láti ibi tí fáìlì wà. Lẹ́yìn náà, ẹ yí orúkọ fódà ìta padà, ẹ pa dátà, ẹ dà á sórí fúláàṣì, kí ẹ sì lọ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan fún sáfà.